Ìlú Mọ́kànlá Láàárín Ọjọ́ Mẹ́ta! Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù, Ẹ Rọra O

Ṣé owó ọkọ̀ ò tíì lé yín kúrò nídìí iṣẹ́? Èmi náà wà níbí, mò ń bá a yí. Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ olóṣèlú kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn yẹn sílẹ̀ ná, ibi tá a bá wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá náà la ó bá wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni mo gbé wá. Mo sì mọ̀ pé ó máa kan ọ̀pọ̀ nínú yín gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ẹ ní ọmọ, ẹ ní ìlú, àmọ́ ẹ ò ráyè.

Ohun tó fà á ni pé bọ̀ọ̀dá wa kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù pè mí lórí fóònù nígbà tó ku nǹkan bí oṣù méjì kí àwọn ọmọ ilé ìwé wọn gba ọlidé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Adó-Èkìtì la jọ dàgbà sí, àmọ́ ó ti lé lógún ọdún tó ti wà lọ́hùn-ún. Ó ní òun, ìyàwó òun àtàwọn ọmọ méjèèjì ń bọ̀ wálé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Ìgbéyàwó kan wà l'Ékòó tó máa jẹ ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀ ní Abẹ́òkúta máa gba méjì, ojú ọ̀nà máa gba ọ̀kan, ó wá ku ọjọ́ mẹ́ta fún Èkìtì.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí mọ Èkìtì délédélé. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo ń fi ránṣẹ́ sí ẹ báyìí."

Nígbà tí lísìtì náà wọlé sórí WhatsApp mi, tí mo ṣí i, ẹ̀rín pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìlú mọ́kànlá! Adó, Ìkéré, Ìsẹ̀, Ìjerò, Àrámọkọ, Ìkògòsì, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Òkè-Mẹ̀sí, Ìmẹ̀sí-Ilé, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ó tún wá kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìkéré, aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Ìsẹ̀, mọ́kànlá sí mọ́kànlá ààbọ̀. Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹni tó ń lọ wo ìlú baba rẹ̀ nìyẹn, àbí ẹni tó ń lọ sin gbèsè kiri?

Kẹ́ ẹ má baà rò pé mò ń fi bọ̀ọ̀dá ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí lísìtì yẹn ti wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló rí àwòrán ilẹ̀kùn gbígbẹ́ kan nínú ìwé. Wọ́n kọ Ìkéré sábẹ́ àwòrán náà. Ọmọ gbé ìwé délé, ó ní, "Dádì, ṣé Ìkéré yìí jìnnà síbi tí wọ́n bí yín?" Bọ̀ọ̀dá ní rárá, ìtòsí ibẹ̀ ni. Ọmọ ní, "Ta ló gbẹ́ ẹ? Báwo ló ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù?" Bọ̀ọ̀dá ń wò sùn-ùn. Ẹni tó ti gba Ìkéré kọjá lọ sí Àkúrẹ́ láìmọye ìgbà, kò rí èsì kan fún ọmọ rẹ̀. Ìtìjú yẹn ló kọ lísìtì, kì í ṣe bọ̀ọ̀dá.

Ẹ̀yin náà, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mélòó nínú wa ló lè dá ọmọ yẹn lóhùn? Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1873, àmọ́ Ìsẹ̀ ló ti di gbajúmọ̀, níbi tó ti ń gbẹ́nà fún Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà. Ìgbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, Ògògà ti Ìkéré ránṣẹ́ pè é pé kó wá ṣe òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin òun. Ìyẹn jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Apá kan ilẹ̀kùn yẹn, ọba ló jókòó síbẹ̀ tòun tadé lórí, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Apá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba ni wọ́n gbé rù, tó ń bọ̀ wá kí ọba. Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbé ilẹ̀kùn yìí lọ síbẹ̀. Ó wọ àwọn ará British Museum lójú, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà ní òun ò tà. Ìgbà tọ́rọ̀ dọ̀rọ̀, wọ́n fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Àga wá sílé, ilẹ̀kùn dúró sẹ́yìn odi. Ọ̀kan lára àwọn òpó ààfin yẹn náà ti dé Chicago l'Amẹ́ríkà. Bí ọdún 1998 sì ṣe dé, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà tó wà ní Washington. Ọkùnrin náà ti kú láti nǹkan bí 1938. Àwọn ará òkèèrè mọ̀ ọ́n, àwa tá a ń ra búrẹ́dì lójú títì Ìkéré ò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, mi ò bá bọ̀ọ̀dá jà pé ó fẹ́ lọ. Lílọ yẹn dáa. Bó ṣe fẹ́ lọ ni kò dáa. Mo sì mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí èmi náà ti dán irú ẹ̀ wò rí. Lọ́dún kan, mo kó àwọn ọmọ mi sínú mọ́tò, mo ní wọ́n gbọ́dọ̀ rí ìlú méje lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí a bá ti dé ìlú kan, màá ní, "Ẹ wo ààfin, ẹ ya fọ́tò, ó yá, ẹ wọlé." Nígbà tá a délé lálẹ́, mo bi àbígbẹ̀yìn mi pé kí ló rí lónìí. Ó ronú, ó ní òun rí màlúù kan tó dúró sáàárín títì tí kò fẹ́ kúrò. Ìlú méje o! Gbogbo epo bẹntiróòlù tí mo rà, màlúù lọmọ mi rí.

Mo wá pe bọ̀ọ̀dá padà. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o, mo ti ka lísìtì yín. Ìlú mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló sì ní aago. Màmá ńkọ́? Aago mélòó ni ti Màmá?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, Màmá tí mò ń sọ yìí ni ìyá tó bí bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, Adó náà ni wọ́n ń gbé. Fóònù dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni. Nígbà tó ṣe, bọ̀ọ̀dá ní, "Ṣebí ọ̀dọ̀ wọn la ó máa sùn."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹni tó bá wọlé laago mẹ́wàá alẹ́, tó tún jáde laago mẹ́fà àárọ̀, àlejò hòtẹ́ẹ̀lì ni. Kì í ṣe ọmọ."

Kò fèsì. Ọjọ́ kejì ló tó pè mí, ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Ó yá, bá mi tún un ṣe."

Bí a ṣe tún un ṣe rèé, ẹni tó bá fẹ́ kó mú bébà jáde. Àkọ́kọ́, ibì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa sùn. Ẹni tó ń kó ẹrù láti hòtẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn láràárọ̀, ìdajì ọjọ́ rẹ̀ ti bá ẹrù lọ. Àárín Èkìtì ni Adó wà, ọ̀nà tó jáde láti ibẹ̀ pọ̀, ibi tá a bá lọ láàárọ̀, a lè padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Èkejì, apá ibì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa lọ lójúmọ́. Ẹni tó bá lọ sí Ìkéré láàárọ̀, tó ní òun fẹ́ dé Ìkọ̀lé lọ́sàn-án, títì ló wá wò. Ẹ̀kẹta, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá máa padà sílé, ìlú tó wà lójú ọ̀nà ilé ni kẹ́ ẹ fi sí i, kẹ́ ẹ má baà rìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹrin, ẹ fi àlàfo sílẹ̀. Òjò ń bẹ, táyà ń bẹ, kábíyèsí tó ní kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ náà ń bẹ.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìlú kúrò. Ìjerò lọ. Àrámọkọ, a ó gba ibẹ̀ kọjá, a ò ní dúró. Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ lọ, nítorí apá ibòmíràn pátápátá ni wọ́n wà, wọ́n máa gba odidi ọjọ́ kan. Ti Ọ̀yẹ́ dùn mí o. Ibẹ̀ ni àwọn àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ti dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ láti 1947 sí 1954. Fadá Kevin Carroll wà lára àwọn tó darí ẹ̀, Bándélé ọmọ Àrẹ̀ògún ará Ọ̀sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ gbígbẹ́, ibẹ̀ náà sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ní òun ò ní fi nǹkan kan sílẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Ìsẹ̀ náà ni mo fẹ́ yọ, ọmọ obìnrin yẹn ló kọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní bóun ò bá dé ìlú ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí lòun wá ṣe? Mo ní kò burú, ọ̀nà Ìkéré náà kúkú ni.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n dé. Lọ́jọ́ kìíní, a ò tètè jáde. A jókòó ti Màmá títí di aago mẹ́sàn-án, a jẹ dòdò àti ẹyin. Àwọn ọmọ gbọ́ tí Màmá ń pe ilé ní "ulé", tí wọ́n ń pe igbá ní "ugbá", wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Màmá náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la yà wo ọgbà ìrántí Fájuyì láàárín ìlú. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ Adó ni Adékúnlé Fájuyì, wọ́n bí i ní 1926, òun ni gómìnà ológun ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn nígbà tí wọ́n wá mú olórí ìjọba, Aguiyi-Ironsi, tó jẹ́ àlejò rẹ̀ n'Ìbàdàn. Wọ́n pa òun àti àlejò rẹ̀ ní July 29, 1966. Ọmọkùnrin bọ̀ọ̀dá, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní, "Ẹni tó wá kí i nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mú?" Mo ní ohun tí ìtàn wa sọ nìyẹn, pé kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi wọ mọ́tò.

Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni Adó sí Ìkéré bí ọ̀nà bá dáa. Kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀ lẹ ó ti máa rí àwọn òkè ńláńlá tí ìlú náà fi ara tì, Ọlọ́sùnta ló lókìkí jù nínú wọn. Ẹ má kàn dédé gun òkè yẹn bí ẹni ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì o. Ibi ìbọ ni, ó ní ọdún rẹ̀, ó ní àwòrò rẹ̀. Ẹ bi onílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ ilẹ̀. A ti ránṣẹ́ ṣáájú nípa ààfin, nítorí náà wọn ò lé wa. Ìyẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí bí ọmọ yẹn ṣe ṣe. Kò ya fọ́tò kankan. Ó ṣí àwòrán ilẹ̀kùn lórí fóònù rẹ̀, ó gbé e sókè, ó ń wò ó, ó ń wo ààfin, ó ń wò ó, ó ń wo ààfin. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo wo aago mi. Wákàtí kan tí lísìtì àkọ́kọ́ fún Ìkéré ti pé nígbà yẹn, à bá ti máa sáré wọ mọ́tò.

A dé Ìsẹ̀, a jẹun níbẹ̀, a rìn láàárín ìlú díẹ̀, a sì kúrò laago mẹ́ta géérégé. Aago márùn-ún ò tíì lù tá a fi wà lọ́dọ̀ Màmá. Ìyàwó bọ̀ọ̀dá gba ọmọ odó, ó ní òun fẹ́ gúnyán bí ọmọ Èkìtì. Ìyá Ẹ̀gbá! Iyán náà kún fún kókó, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọkọ, a yà gba Èrìnjìyàn dé Ìkògòsì. Ẹ ti gbọ́ nípa omi ibẹ̀: èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti èyí tó tutù ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti orí ilẹ̀, wọ́n wá pàdé, ẹ lè fi ọwọ́ kan mọ ìyàtọ̀ wọn níbi tí wọ́n ti pàdé. Òyìnbó ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi kan, McGee, ló kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ibi ìsinmi ní 1952. Ọmọkùnrin ti ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, ó ti èkejì bọ tútù, ó ní òun ò jáde mọ́. Wákàtí mẹ́ta la lò. Ẹ rántí mú aṣọ tẹ́ ẹ fi máa wẹ̀ dání.

Ibẹ̀ náà ni òjò ti ká wa mọ́. Òjò oṣù kẹjọ ni, ó rọ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀. Nínú lísìtì àkọ́kọ́, òjò yẹn nìkan ì bá ti gbé ìlú mẹ́ta lọ, bọ̀ọ̀dá ì bá sì ti máa bínú sí gbogbo wa. Àmọ́ a ti fi àlàfo sílẹ̀, a jókòó, a jẹ àgbàdo sísun.

Nígbà tó dá, a kọjá sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láàárín àwọn òkè. Ọ̀pọ̀ ló mọ Ẹ̀fọ̀n nítorí Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ Kírísítì Àpọ́sítélì, ẹni tí ìsọjí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ n'Íléṣà ní 1930, tó gbilẹ̀ dé Ẹ̀fọ̀n. Ẹ̀dẹ ló kú sí ní July 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n gbé e wá sin sí, àwọn èèyàn ṣì ń wá síbẹ̀ títí dòní. Àmọ́ ọmọ obìnrin wa, nǹkan mìíràn ló ń wá. Ó ní, "Ibí ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, àbí?" Mo ní ibí ni. Ó ní, "Lọ́ńdọ̀nù, Ìkéré, Ìsẹ̀, Ẹ̀fọ̀n. Mo ti rìn ín padà dé ìbẹ̀rẹ̀." Ẹ wo ọmọ táwọn kan ní òyìnbó ti gbà!

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni nǹkan tá ò rò tẹ́lẹ̀ ṣẹlẹ̀. A ń jẹun lọ́wọ́, Màmá ní, "Níbo lẹ̀ ń lọ lọ́la?" Bọ̀ọ̀dá ní Òkè-Mẹ̀sí, lẹ́yìn náà Ìmẹ̀sí-Ilé, ibẹ̀ làwọn á gbà bọ́ sí Iléṣà, káwọn lọ sùn n'Ìbàdàn, kílẹ̀ tó mọ́ káwọn wọ Èkó lọ bá bàálù. Màmá gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo. Wọ́n ní, "Òkè-Mẹ̀sí? Mò ń bá yín lọ."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Màmá. Ẹni tó jókòó ní Adó yìí, ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti sun ilé bàbá wọn kẹ́yìn. Bọ̀ọ̀dá ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?" Màmá ní, "Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ìwọ ń fi owó ránṣẹ́. Owó ò lè gbé mi lọ." Bọ̀ọ̀dá gbé omi mu, kò tètè gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀.

Sienna la háyà, èèyàn méje ló ń gbà. Àwa mẹ́fà pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà, Màmá ṣe ìkeje, bíi pé wọ́n ti mọ̀. Ẹrù wà lórí ìtan wa, kò sẹ́ni tó ráhùn. A gba Àrámọkọ dé Ìtàwúrẹ́, a yà sí Òkè-Mẹ̀sí. Nínú mọ́tò yẹn, Màmá bi dẹ́rẹ́bà pé ọmọ ibo ni. Ó ní ọmọ Ìbàdàn ni òun. Màmá ní, "Hẹn-ẹn! Àwọn bàbá yín ló kógun wá bá wa." Ọkùnrin yẹn ní, "Màmá, ẹ foríjì wá o, ṣebí wọ́n ti bá wa parí ẹ̀." Ẹ̀rín gba mọ́tò kan.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wọn, láàárín àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ń yọ̀ mọ́ wọn, ni Màmá ti wá sọ ìtàn náà bí bàbá wọn ṣe sọ ọ́ fún wọn. Ìgbà yẹn, Ìbàdàn ló ń jẹ gàba lórí ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ajẹ́lẹ̀ wọn ló jókòó lé ìlú lórí. Fábùnmi, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ tó wà ní ìlú tiwọn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà wá di ọ̀gágun wọn, Ààrẹ Látòóṣà sì ṣáájú Ìbàdàn. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 yìí, ìró ìbọn rẹ̀ tó ń dún kírìjì-kírìjì láàárín òkè ló fún un lórúkọ. Àlùfáà Samuel Johnson àti àlùfáà Charles Phillips ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sọ́tùn-ún sósì. Ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ síwèé àdéhùn nítòsí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì di 1893 kí àgọ́ ogun tó tú pátápátá. Déètì wọ̀nyí, èmi ni mo fi kún un. Ti Màmá ni bí àwọn obìnrin ṣe ń ru oúnjẹ lọ sí àgọ́, àti orúkọ ẹni tí kò padà wálé nínú ìdílé wọn. Ọmọ obìnrin gbé fóònù síwájú Màmá, ó gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun ò gbọ́ ìtàn yẹn rí láyé òun. Kò sí nínú lísìtì kankan.

Nígbà tó yá, Màmá ní àwọn ò bá wa lọ mọ́. Wọ́n ní àwọn á sùn díẹ̀ nílé bàbá àwọn, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn á gbé wọn padà. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, wọ́n súre. A ya Ìmẹ̀sí-Ilé, tó ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun báyìí, a wo àwọn òkè tí ogun yẹn ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ la gbà dé Iléṣà. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi wọ Ìbàdàn.

Ó ku díẹ̀ kí n sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbéra. Ẹ má rìn lálẹ́ o. Ní January 29, 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé ní Emùré. Ìdí nìyẹn tá a fi kúrò ní Ìsẹ̀ laago mẹ́ta. Ẹ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bí ọ̀nà ṣe rí kẹ́ ẹ tó jáde láàárọ̀, ẹ má kàn gbọ́kàn lé fóònù. Ẹ mú owó díẹ̀ dání, ẹ má rò pé POS máa wà níbi gbogbo. Ẹ bá onímọ́tò ná iye ọjọ́ àti epo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ta ló máa bọ́ dẹ́rẹ́bà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ ààfin, ẹ ránṣẹ́ ṣáájú, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, kí ọkùnrin ṣí fìlà, kẹ́ ẹ má sì na ọwọ́ sí kábíyèsí pé ẹ fẹ́ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ tún béèrè bóyá ọdún ìbílẹ̀ kan bọ́ sí ọjọ́ yẹn. Ní Adó, oṣù kẹjọ ni ọdún Ùdíròkò máa ń wáyé. Bẹ́ ẹ bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, oore ni, àmọ́ hòtẹ́ẹ̀lì lè kún.

Kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ ìlú kankan sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ àgbàlagbà tẹ́ ẹ ní níbẹ̀ ná. Ẹ pè wọ́n, ẹ bi wọ́n pé, "Níbo lẹ ti fẹ́ lọ tí kò sẹ́ni tó gbé yín?" Ibi tí wọ́n bá dárúkọ, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣe nọ́ńbà kìíní. Òkè àti ààfin á dúró dè yín. Àwọn àgbà ò lè dúró dè wá títí.

Bọ̀ọ̀dá pè mí lọ́sẹ̀ kẹta tí wọ́n ti padà. Ó ní ọmọ obìnrin ti ń bi òun pé ìgbà wo làwọn máa lọ sí Ọ̀yẹ́. Mo ní, "Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà sí Adó?"

Ó ní, "Wọ́n kọ̀ o. Òkè-Mẹ̀sí ni wọ́n ṣì wà."

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi.